Díẹ̀díẹ̀ ni Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà: Òwe Àgbà Lórí Ìrora Oríkèé

Òwe tó sọ pé "díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà" kò ṣòro túmọ̀ fún ẹni tó bá ti rí ẹlẹ́dẹ̀ nídìí ọgbà rí. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í fo ọgbà bí ewúrẹ́ ti í fò ó, kò sì ní ìwo tí yóò fi kàn án wó. Imú nìkan ló ní, imú yìí ló sì ń fi hú ìdí ọgbà lónìí, tí yóò tún padà wá hú u lọ́la, títí àlàfo kékeré kan yóò fi ṣí, tí imú yóò gbà á wọlé, tí orí yóò tẹ̀ lé imú, tí gbogbo ara yóò sì wọ́ tẹ̀ lé orí. Nígbà tí olóko bá fi máa gbúròó rẹ̀, ìdajì ẹ̀gẹ́ ti di àjẹkù.

Ọ̀nà méjì ni àwọn àgbà ń gbà lo òwe yìí. Wọ́n ń fi í kìlọ̀ fún ẹni tó ń fojú kékeré wo aburú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún ń fi í gba ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀ níyànjú pé ohun tí èèyàn bá ń fi sùúrù ṣe lójoojúmọ́ yóò gbèrú bó pẹ́ bó yá. Ẹni tó gbọ́ òwe náà lẹ́nu àgbà kan lè gbà á gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀, kí ó sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà mìíràn lọ́jọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ìṣírí. Àìsàn kan wà tí ìlò méjèèjì bá mu, nítorí pé ìlò àkọ́kọ́ ló ṣàlàyé bí àìsàn náà ṣe ń wọlé, ìlò kejì ló sì ṣàlàyé bí a ṣe lè dá a dúró. Àìsàn náà ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní osteoarthritis, tí àwa Yorùbá sábà máa ń kà mọ́ aromọléegun tàbí làkúrègbé. Orúkọ méjèèjì yìí gbòòrò, nítorí pé wọ́n tún ń tọ́ka sí àwọn àìsàn mìíràn tó ń ṣe oríkèé, irú bí èyí tí agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn ti ń yíjú padà bá oríkèé ara fúnra rẹ̀ jà, àti èyí tó máa ń mú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wú lójijì ní òru. Nínú àlàyé yìí, osteoarthritis nìkan ni aromọléegun dúró fún.

Kí òwe náà tó lè yéni dáadáa lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ọgbà tí à ń wí. Oríkèé ni ibi tí eegun méjì ti pàdé, tí ara sì ti ń ká tàbí tí ó ń nà, bí orúnkún, ìgbáròkó àti àwọn ìka ọwọ́. Kí eegun má baà máa họ eegun, ohun kan tó funfun, tó ń dán, tí kò le tó eegun tí kò sì rọ̀ tó ẹran, bo orí eegun kọ̀ọ̀kan bíi tìmùtìmù. Òun náà ni àwọn ọmọdé máa ń rún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ ní ìparí eegun itan adìyẹ, a ó sì máa pè é ní eegun rírọ̀. Omi kan tó ń yọ̀ bíi funfun ẹyin wà láàrin eegun rírọ̀ méjèèjì, awọ tó yí oríkèé ká ló sì ń sun ún.

Eegun rírọ̀ yìí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kò sì ní iṣan ìmọ̀lára, àìní méjèèjì yìí ló sì pinnu bí àìsàn náà ṣe ń rìn. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kì í gba inú rẹ̀ kọjá, inú omi oríkèé ló ti ń rí oúnjẹ jẹ: bí èèyàn bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, omi á fún jáde lára rẹ̀, bí ó bá sì gbé ẹsẹ̀ sókè, á tún fa omi tuntun mu, gẹ́gẹ́ bí kànrìnkànrìn ti í ṣe nígbà tí a bá fún un tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀ sínú igbá omi. Oríkèé tí kì í rìn, ebi ló ń pa eegun rírọ̀ inú rẹ̀. Nítorí pé kò ní iṣan ìmọ̀lára, kì í ké nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́ tí ó sì ń sán. Ọgbà ti ń ya, ajá tó yẹ kó gbó kò sì sí níbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀ràn náà bá dé ọ̀dọ̀ eegun gidi tó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí tí awọ tó yí oríkèé ká bá wú, ni ìrora tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ní iṣan ìmọ̀lára. Kì í sì í ṣe pé oríkèé kàn ń jẹ bí bàtà ti ń jẹ nísàlẹ̀: ara ń gbìyànjú láti tún ibẹ̀ ṣe, ó ń hu eegun kéékèèké sí etí oríkèé, ẹran tó yẹ kó gbé oríkèé ró sì ń rọ, tí gbogbo oríkèé fi ń yí padà lápapọ̀.

Àwọn tí imú ẹlẹ́dẹ̀ yìí ti wọ ọgbà wọn kò kéré níye. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, èèyàn tó tó mílíọ̀nù 528 ló ń bá àìsàn yìí gbé káàkiri àgbáyé, iye yìí sì ti ju ìlọ́po méjì iye tó wà ní ọdún 1990 lọ. Ìdá 73 nínú 100 wọn ló ti kọjá ọdún 55, ìdá 60 sì jẹ́ obìnrin. Orúnkún ló sì ń mú jù, nítorí pé mílíọ̀nù 365 nínú wọn ló jẹ́ pé orúnkún ni tiwọn wà. Ọjọ́ orí ń dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń fà á. Ara tó wúwo jù, ìdílé tí èèyàn ti wá, àti iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ìkúnlẹ̀, ìlóṣòó tàbí ẹrù rírù, bíi ti àwọn tó ń tẹ́ táìlì àti àwọn alágbàárù ọjà, ń dá kún un pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni agbábọ́ọ̀lù tí iṣan orúnkún rẹ̀ já nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí àbájáde rẹ̀ kó tó pé ẹni ogójì.

Ohun tó mú kí òwe náà bá àìsàn yìí mu jù lọ ni bí ó ṣe ń gba ìgbé-ayé lọ́wọ́ èèyàn. Láàrin àwọn ọdún 1980, àwọn oníwádìí ní yunifásítì méjì ní Kánádà gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí a mọ̀ sí WOMAC, tí àwọn oníṣègùn fi ń wọn bí àìsàn náà ṣe le tó lára aláìsàn. Ìbéèrè 24 ló wà nínú rẹ̀: márùn-ún béèrè nípa ìrora, méjì béèrè nípa bí oríkèé ṣe ń gan, àwọn 17 tó kù sì béèrè nípa ohun tí aláìsàn ṣì lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe mọ́. Bí òṣùwọ̀n náà ṣe pín ìbéèrè rẹ̀ ti fi hàn pé ohun tí àìsàn yìí ń gbà lọ́wọ́ èèyàn pọ̀ ju ibi tó ti ń dùn ún lọ.

Síbẹ̀, àwọn tó ṣe òṣùwọ̀n náà wo ìgbé-ayé tiwọn kí wọ́n tó ṣe é, ìdí nìyí tó fi béèrè nípa wíwọ ìbọ̀sẹ̀ àti wíwọ inú ọpọ́n ìwẹ̀, tí kò sì béèrè nípa ìlóṣòó tàbí ìkúnlẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ fífi ìdárayá tọ́jú eegun àti ẹran ara, rí àlàfo yìí, wọ́n sì ṣe òṣùwọ̀n tiwọn fún orúnkún àti ìgbáròkó, tí wọ́n fi orúkọ Ìbàdàn pè, kí ó lè bá ìgbé-ayé ọmọ Nàìjíríà mu. Ọgbọ́n wà nínú ohun tí wọ́n ṣe, nítorí pé láwùjọ Yorùbá, orúnkún kì í ṣe ohun ìrìn nìkan. Orúnkún ni obìnrin fi ń kí ìyá ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, òun ni Onígbàgbọ́ fi ń gbàdúrà, òun sì ni Mùsùlùmí fi ń kírun, níbi tí ẹni tó bá kí ìrun ọ̀ranyàn márààrún pé yóò ti fi orí kanlẹ̀ nígbà 34 láàrin ọjọ́ kan. Ẹni tí ilé rẹ̀ ṣì ń lo ṣáláńgá ní láti lóṣòó lójoojúmọ́, ẹni tó ń fi àpótí dáná sì ń jókòó síbi tí kò ga ju ìbú ọwọ́ kan àbọ̀ lọ.

Nínú irú ìgbé-ayé báyìí, bí àìsàn náà ṣe ń gba ilẹ̀ rí bákan náà pẹ̀lú bí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń gba oko. Ìyá tó ń ta ata lọ́jà á kọ́kọ́ máa jókòó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dìde jó níbi ìnáwó, á ní bàtà ni kò jẹ́ kí òun jó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ lọ gbé apẹ̀rẹ̀ ata tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ gbé fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àtẹ̀gùn á di ohun tó ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀, tí á máa gbé ẹsẹ̀ tó le ṣíwájú bó bá ń gòkè, tí á sì máa gbé èyí tó ń dùn ún ṣíwájú bó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Tó bá yá, á dín omi mímu kù nítorí kó má baà máa lọ sí ṣáláńgá, á kó kúrò ní yàrá òkè sí ti ìsàlẹ̀, á sì fi ìsìn alẹ́ sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó pariwo, kò sì sí èyí tí àwọn ará ilé á torí rẹ̀ pe ìpàdé. "Àgbà ti dé" ni wọ́n ń fi bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo wọn jọ, ayé tó ti fẹ̀ dé ọjà, dé ilé ìjọsìn àti dé ilé ẹbí ti wá ṣẹ́ kù sí àárín ibùsùn àti àga ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Òru ni apá kejì ọ̀ràn náà. Bí aláìsàn bá yí padà lórí ibùsùn, orúnkún á jí i, ẹni tí kò bá sì sùn, ìrora ọjọ́ kejì á tún le sí i lára. Ẹni tí kò lè jáde mọ́ á máa nìkan wà, ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, ìrẹ̀wẹ̀sì náà á sì mú kí ìrora náà le ju bó ti yẹ lọ, tí ọ̀kan á fi máa ti èkejì. Ìtìjú tún wà níbẹ̀, pàápàá fún obìnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí àwọn ẹbí ọkọ ń wò pé ìgbéraga ni kò jẹ́ kó kúnlẹ̀ dáadáa. Àwòrán X-ray pàápàá kì í fìgbà gbogbo jẹ́rìí aláìsàn. Láti ọdún 1957 tí àwọn oníwádìí méjì, Kellgren àti Lawrence, ti fi ìpele lélẹ̀, láti òdo dé mẹ́rin, fún bí oríkèé ṣe bàjẹ́ tó nínú àwòrán, ni ó ti hàn sí àwọn oníṣègùn pé ẹlòmíràn wà tí àwòrán rẹ̀ burú tí ìrora rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹlòmíràn sì wà tí àwòrán rẹ̀ kò burú tí kò sì lè sùn. Nítorí náà, ẹni tí kò bá gba ọ̀rọ̀ aláìsàn gbọ́ àfi bí fọ́tò bá kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹlẹ́rìí tí kò pé ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Bí olóko bá já lu ẹlẹ́dẹ̀ láàrin oko, kùmọ̀ lohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, kùmọ̀ tí a bá sì fi ìbínú jù sábà máa ń fọ́ ẹ̀gẹ́ kó tó ba ẹlẹ́dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń bá aromọléegun jà: wọ́n fẹ́ kí ohun tó gba ogún ọdún kó tó wọlé jáde láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á gba kẹ́míìsì lọ ra oògùn ara ríro tó lágbára, wọ́n á sì máa lò ó fún oṣù mẹ́fà láìfi han dókítà, bẹ́ẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dá ọgbẹ́ sí ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i. Ìlànà ìtọ́jú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2022 ní kí a kọ́kọ́ lo ìpara tó ní oògùn nínú fún orúnkún, kí oògùn oníhóró sì jẹ́ ìwọ̀n tó kéré jù fún àkókò tó kúrú jù. Àdàlù tí a kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ara ìgò tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí ẹnì kan bá po oògùn sítẹ́rọ́ìdì mọ́ ọn, ìrora á lọ bí idán, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, ojú á wú, ṣúgà á gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, eegun tí a ní à ń wò gan-an á sì di ẹlẹgẹ́.

Kùmọ̀ kejì rọ ọwọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn ni ìsinmi. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ìyá wọn á ní kó jókòó, wọ́n á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa gbé omi wá bá a nínú ilé. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran itan tí kò ṣiṣẹ́ máa ń rọ, orúnkún tí itan kò gbé ró mọ́ á tún máa dùn sí i, eegun rírọ̀ tí kò rí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àti ìgbésókè á sì máa pàdánù oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tó bá sinmi títí nítorí ìrora ti ṣí ìlẹ̀kùn ọgbà fún ẹlẹ́dẹ̀.

Níbí ni ìlò kejì òwe náà ti wúlò. Ohun tó bá fi díẹ̀díẹ̀ wọlé, díẹ̀díẹ̀ ni a ó fi tì í sẹ́yìn, ìwádìí ìṣègùn òde òní sì ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn, nítorí pé ìdárayá ni ìlànà ìtọ́jú tí a mẹ́nu bà lókè fi ṣe ìpìlẹ̀ fún gbogbo aláìsàn, yálà ìrora wọn kéré tàbí ó pọ̀. Ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ètò kan tí wọ́n ń pè ní GLA:D bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gba ẹ̀kọ́ nípa àìsàn wọn tí wọ́n sì ń ṣe ìdárayá lójú olùtọ́jú ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ètò náà sì ti tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Irú ìdárayá tó ń ran orúnkún lọ́wọ́ kò ju ohun tí ara lè kọ́ nínú ilé lọ: kí èèyàn jókòó sórí àga tó ga díẹ̀, kó dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, kó tún rọra jókòó padà, nígbà mẹ́wàá, kí ó dùbúlẹ̀, kó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kó gbé e sókè bí ìbú ọwọ́ méjì, kó kà dé márùn-ún kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Oríkèé lè dunni díẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe é, ìyẹn kò sì túmọ̀ sí pé ó ń bàjẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ìrora náà bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ara náà ń tẹ̀ lé òfin díẹ̀díẹ̀ yìí. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005 fi hàn pé kílò kọ̀ọ̀kan tí àgbàlagbà tó sanra bá dín kù ń bu nǹkan bíi kílò mẹ́rin kúrò nínú ẹrù tó ń bọ́ lé orúnkún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta dín kílò méjì péré kù, tó sì ń rin ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ láàrin ọjọ́, lè ṣírò ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rù mọ́. Àwọn àtúnṣe mìíràn kò tilẹ̀ gba owó tó pọ̀: gbígbé ààrò àti àtẹ ọjà sókè kí ìbẹ̀rẹ̀ lè dín kù, fífi àga oníhò sórí ṣáláńgá, àti dídi ọ̀pá ìtìlẹ̀ mú ní ọwọ́ tó wà ní òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń ṣe lódì nítorí wọ́n rò pé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn ni ó yẹ kí ọ̀pá wà.

Ìgbà kan wà tí ọgbà á ti wó kọjá àtúnṣe, iṣẹ́ abẹ ló sì kù nígbà náà. Ní ọdún 1962 ni John Charnley, oníṣẹ́ abẹ ní Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìgbáròkó àtọwọ́dá tó ṣe ìpìlẹ̀ fún ti òde òní sí aláìsàn lára, ti orúnkún sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Àyẹ̀wò tó kó ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún jọ, tó jáde ní 2019, sọ pé nǹkan bíi 82 nínú 100 orúnkún àtọwọ́dá ló ń lò tó ọdún 25. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, ẹni tó sì rí i ṣe pàápàá á ṣì padà sídìí ìdárayá díẹ̀díẹ̀ kí orúnkún tuntun náà tó lè wúlò fún un.

Àwọn ará ilé ní ipa tiwọn láti kó. Àṣà Yorùbá kò le tó bí àwọn kan ṣe ń lò ó, nítorí pé àgbà tó gbọ́n ló máa ń sọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn pé "má kúnlẹ̀, mo ti rí i", bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba aláìsàn láyè láti jókòó kírun. Ọmọ tó bá fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ yóò ṣe dáadáa bí ó bá bá a rìn dé ìkóríta ní ìrọ̀lẹ́ ju bí ó bá ń ṣe gbogbo iṣẹ́ dípò rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti tó ọdún 45, tí oríkèé rẹ̀ ń dùn bó bá ń lò ó, tí ó sì ń gan ní òwúrọ̀ fún àkókò tí kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kí ó lọ fi han dókítà kó tó pé ọdún tí yóò fi ẹ̀gbẹ́ sọ àtẹ̀gùn. Bí oríkèé náà bá sì wú lójijì, tó gbóná, tí ibà tẹ̀ lé e, kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Olóko tó bá rí ihò kan nídìí ọgbà kì í retí ìgbà tí ẹ̀gẹ́ yóò tán. Igi kan péré ni yóò kọ́kọ́ gún sí ojú ihò náà, lọ́la yóò sì gún òmíràn tì í.